Ìdajì Ẹyin Nínú Àwo Mi

Òórùn àkàrà ni ó máa ń jí mi láyé ìgbà yẹn. Obìnrin Hausa kan ló ń dín in ní ìkóríta wa ní Dansoman, nílùú Accra, koose ni wọ́n ń pè é lọ́dọ̀ tiwọn, ó sì máa ń ta koko pẹ̀lú rẹ̀, ìyẹn ògì jéró tí wọ́n fi atalẹ̀ àti ata sí dáadáa, tí èéfín rẹ̀ ń ta èèyàn nímú láti ọ̀ọ́kán. Títí di òní, ọ̀rẹ́ mi, bí mo bá gbóòórùn atalẹ̀ gbígbóná láàárọ̀, ọmọ mi obìnrin ni mo máa ń rí, bó ṣe wà lọ́mọ ọdún mẹ́fà, tó jókòó sórí àpótí ìdáná nínú yúnífọ́ọ̀mù rẹ̀, tó pa ẹnu dé, tó ń wò mí.

Ìyá rẹ̀ kò sí nílé. Ìyá ìyàwó mi ló ṣubú ní Ọ̀fà, tó fi ìbàdí ṣèṣe, kò sì sí ọmọ mìíràn nítòsí tí yóò máa gbé e dìde, tí yóò máa wẹ̀ ẹ́. Ìyàwó mi di ẹrù rẹ̀ sínú báàgì kan, ó ní ó ṣeé ṣe kí òun lò tó oṣù kan. Kó tó wọkọ̀, ó fa ọmọ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sọ̀rọ̀ sí i létí, ọmọ náà sì ń mi orí bí àgbàlagbà. Lẹ́yìn náà ló kọjú sí mi. "Ọmọ yìí máa ń ṣa oúnjẹ jẹ o, pàápàá láàárọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣe sùúrù fún un." Ẹ̀rín ni mo fi dá a lóhùn. Èmi tí mo ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jà Tudu, tí mílíìkì alágolo, sàdíìnì àti bísíkíìtì kún inú rẹ̀ dé àjà, ọmọ wo ló fẹ́ fi oúnjẹ àárọ̀ dà mí láàmú?

Ọ̀sẹ̀ kan kò pé tí tíṣà rẹ̀ fi dá mi dúró lẹ́nu géètì. Obìnrin Ga ni, ó mọ Òyìnbó sọ bí ẹni ń ka ìròyìn, kì í sì í fi ọ̀rọ̀ sínú. "Àlájì," ni ó pè mí, èmi tí n kò tíì fojú kan Mẹ́kà, "ọmọ yín ń sùn lórí tábìlì kí agogo mẹ́wàá tó lù. Lánàá, ó ní inú ń ro òun, mo sì rí i pé ebi ni. Oúnjẹ tó máa dúró nínú ni kí ẹ fún un. Ẹ̀wà, ẹyin, ẹ̀pà. Tíì àti búrẹ́dì kò lè gbé ọmọdé dé ọ̀sán." Ojú tì mí gan-an. Mo dúpẹ́, mo di ọmọ mi lọ́wọ́ mú, a sì rìn délé.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti di akẹ́kọ̀ọ́ oúnjẹ àárọ̀. Gbogbo ẹni tó bá yà sí ṣọ́ọ̀bù mi ni mo ń bi léèrè ohun tí wọ́n fi ń bọ́ ọmọ. Ìyá kan tó máa ń ta wàrà níwájú mi kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń gé e wẹ́wẹ́, tí wọ́n ń fi iyọ̀ díẹ̀ ra á, tí wọ́n sì ń dín in títí ẹ̀yìn rẹ̀ yóò fi pọ́n. Ó tún ní kí n gbìyànjú tọ́ọ̀mù búráùn, àgbàdo yíyan tí wọ́n lọ̀ pọ̀ mọ́ sóyà àti ẹ̀pà. Ìkòkò àkọ́kọ́ tí mo rò jóná, ó di kókó, aládùúgbò wa sì yọjú wá béèrè bóyá ilé ló ń jó. Ẹlẹ́ẹ̀kejì dán bíi sílíkì, mo fi mílíìkì lé e lórí, inú mi sì dùn sí ara mi. Mo se mọ́ínmọ́ín. Mo dín sàdíìnì pọ̀ mọ́ ẹyin. Mo ra àwo kékeré olódòdó fún un, tirẹ̀ nìkan, kó lè mọ̀ pé ọmọ pàtàkì ni òun, mo sì ń to gbogbo rẹ̀ sí i bí ẹni ń ṣe àlejò ọba.

Ọmọ náà kò fọwọ́ kàn án. Èmi á dúró tì í, kọ́ọ̀pù tíì mi lọ́wọ́, nítorí pé n kì í ráyè jókòó mọ́. Waakye, ìyẹn ìrẹsì àti ẹ̀wà tí wọ́n jọ sè, ni mo máa ń lọ jẹ ní Tudu tí mo bá ti ṣí ṣọ́ọ̀bù tán. Ó máa ń wo àwo rẹ̀, á wo kọ́ọ̀pù mi, á sì tún wo àwo náà. "Kí lo fẹ́ jẹ, ìyá mi?" "Ebi ò pa mí, Bàbá." Ikùn rẹ̀ á sì máa kùn, tí àwa méjèèjì ń gbọ́ ọ. Mo bẹ̀ ẹ́, mo bá a wí, mo ṣèlérí bàtà tuntun. Lọ́jọ́ kan, mo pariwo mọ́ ọn. Kò sunkún, ó kàn fi ọwọ́ ti àwo olódòdó náà jìnnà sí i díẹ̀. N kò tíì gbàgbé ọwọ́ kékeré yẹn.

Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀ lálẹ́. Tí a bá ti kírun alẹ́ tán, tí mo bá jókòó sórí ẹní jẹun, yóò jókòó tì mí, tí mo bá jẹ tán, yóò fa àwo mi mọ́ra, yóò sì gbọ́n ọn mọ́ fónífóní. Ìyẹn ni mo fi ń tu ara mi nínú nígbà tí ìyàwó mi bá tẹ fóònù aládùúgbò wa láti Ọ̀fà. "Ṣé ọmọ mi ń jẹun?" "Ó ń jẹun dáadáa." Irọ́ tó ní òótọ́ díẹ̀ nínú. Ìyá ìyàwó mi ṣì wà lórí ibùsùn, kò lè yí ẹ̀gbẹ́ padà fúnra rẹ̀. Mo mọ̀ pé bí mo bá sọ òótọ́, ìyàwó mi yóò wọ ọkọ̀ Accra lọ́jọ́ kejì, ta ni yóò wá wẹ ìyá arúgbó yẹn?

Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹta, síkẹ́ẹ̀tì ọmọ náà kò dúró ní ìdí mọ́, pín-ìn-nì ni mo fi ń há a. Tíṣà rẹ̀ kò tilẹ̀ bá mi wí mọ́, ohùn rẹ̀ ti rọ̀, èyí sì já mi láyà ju ìbáwí lọ. "Ẹ pe ìyá rẹ̀ kó máa bọ̀," ni ó sọ. Ọjọ́bọ̀ ni. Mo gbà pé mo ti kùnà. Mo pinnu pé tí mo bá ti Jímọ̀ dé lọ́jọ́ kejì, màá pe Ọ̀fà, màá sì jẹ́wọ́.

Láàárọ̀ Jímọ̀ yẹn, mo ti gbé ẹ̀wà kaná kí n tó kírun àsùbáà. Ó rọ̀ dáadáa. Mo fi epo àti àlùbọ́sà sí i, mo wọ́n gàrí lé e, mo se ẹyin méjì, mo sì bu gbogbo rẹ̀ sínú àwo ńlá tèmi, nítorí pé àwo olódòdó ṣì wà nínú omi láti àná. Mo gbé e síwájú rẹ̀. "Ebi ò pa mí, Bàbá." Ọ̀rẹ́ mi, inú bí mi. Ó rẹ̀ mí. Mo fa àwo náà sọ́dọ̀ ara mi, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́ tìbínú-tìbínú. Ó dùn. Mo jẹ ẹyin kan, mo bu ìdajì èkejì jẹ, mo fi ìdajì tó kù sí ẹ̀gbẹ́ àwo láìronú, mo sì wọ yàrá lọ wá fìlà funfun tí màá dé lọ kí Jímọ̀.

Nígbà tí mo jáde, ọmọ náà ti fọwọ́, ó ti fa àwo náà sáàárín ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń jẹ ẹ̀wà bí ẹni tó ti ọ̀nà jíjìn dé. Ẹyin ló fi sí ìgbẹ̀yìn. Mo rọra dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú fìlà lọ́wọ́, ẹ̀rù ń bà mí kí n má lọ já a láyà.

"Ṣebí o ní ebi ò pa ọ́?"

"Ebi ń pa mí tẹ́lẹ̀. Ẹ̀yin ni ẹ ò jẹun." Epo ti kun ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. "Màámi ní kí n máa tọ́jú yín. Wọ́n ní n ò gbọdọ̀ jẹun ṣáájú yín. Tíì nìkan lẹ sì máa ń mu."

"Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

"Ẹ ò bi mí. Ohun tí mo fẹ́ jẹ lẹ̀ ń bi mí."

Mo jókòó síbi tí mo wà. Ní ilé bàbá mi ní Cow Lane, láàárín Accra, baba ló máa ń kọ́kọ́ jẹun, ọmọ á jókòó tì í, baba á sì ṣẹ́ ẹran tàbí ẹja kù sínú àwo fún un. Èmi náà jẹ àjẹkù bàbá mi dàgbà. Nílé tèmi, mo ń ṣe é láìmọ̀ pé mò ń ṣe é. Ìyàwó mi mọ̀. Ọmọ tó ń ṣa oúnjẹ jẹ kì í ṣa èyí tó bá ti inú àwo bàbá rẹ̀ wá, ìyàwó mi sì ti ń fi ọgbọ́n bu oúnjẹ sí àwo mi ju ohun tí mo lè jẹ lọ ní gbogbo àárọ̀ láti ọdún púpọ̀. Èmi lọ ra àwo olódòdó fún un, mo sì fi ebi pa á níwájú oúnjẹ. Omijé bọ́ lójú mi lọ́jọ́ náà, mo sọ fún un pé àlùbọ́sà ni.

N kò pe Ọ̀fà lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Láti ìgbà náà, àárọ̀ kò mọ́ kí n má jókòó: wàrà díndín, mọ́ínmọ́ín, ẹ̀wà, tọ́ọ̀mù búráùn tó nípọn, mo ń jẹ, mo ń ṣẹ́kù, ó sì ń gbọ́n ọn mọ́. Nígbà tí ìyàwó mi yóò fi padà, tí ìyá rẹ̀ ti ń fi ọ̀pá rìn, ó wo ọmọ, ó wo ikùn mi, ó sì rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú.

Ìyàwó mi ti ṣaláìsí báyìí. Ní oṣù tó tẹ̀lé ikú rẹ̀, oúnjẹ kò lọ lọ́nà ọ̀fun mi, àwọn èèyàn gbé oríṣiríṣi wá, mo ń dúpẹ́, mo ń bò ó. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọmọ mi ti ilé ọkọ rẹ̀ wá. Kò bi mí ní ohun tí mo fẹ́ jẹ. Ó se ẹ̀wà, ó se ẹyin méjì, ó bu ú sínú àwo ńlá, ó gbé e síwájú mi. Mo ní ebi kò pa mí. Kò bá mi jiyàn. Ó lọ fọwọ́, ó padà wá, ó na ẹsẹ̀ sílẹ̀ lórí ẹní, òun tí òun náà ti bímọ, ó sì tẹjú mọ́ àwo náà.

"Mi ò tíì jẹun láti àná, Bàbá," ni ó wí.

Mo mọ̀ pé yóò dúró dè mí títí ọ̀sán. Ọ̀rẹ́ mi, ọdún gbogbo yẹn ni mo ti ń rò pé èmi ni mò ń bọ́ ọmọ yìí láàárọ̀. Mo fa àwo náà mọ́ra, mo jẹun, mo sì fi ìdajì ẹyin sí ẹ̀gbẹ́ fún un.