Ohun Tí Finda Sọ fún Nọ́ọ̀sì

Títí di òní, àwọn ará ìlú Koidu ṣì ń sọ pé kò sí ẹni tó mọ orí fá bíi Aiah. Nínú iṣẹ́ ológun ló ti kọ́ ọ, lásìkò ogun àwọn ọlọ̀tẹ̀. Lọ́jọ́ tí ìbọn kò bá dún, á fárí fún àwọn ọ̀gá rẹ̀. Lọ́jọ́ tó bá dún, òun náà á gbé ìbọn. Igbó ni wọ́n máa ń pín fún wọn mu kí wọ́n tó jáde, kí ẹ̀rù má baà bà wọ́n.

Ogun parí, igbó kò parí. Aiah padà sílé Finda, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tó ń gbin ẹ̀pà, ó sì gbé àga onígbàjámọ̀ rẹ̀ sábẹ́ igi máńgòrò. Lọ́dún kẹta ni ohùn kan bẹ̀rẹ̀ sí í bá a sọ̀rọ̀. Ohùn náà ní ẹnìkan nínú ilé ń ròyìn rẹ̀ fún ọ̀tá. Aiah ní bí òun bá ti mugbó, ohùn náà á lọ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n Finda rí i pé fún wákàtí díẹ̀ ni. Tó bá di ọjọ́ kejì, á tún le sí i, Aiah á sì máa yẹ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì wò.

Oṣooṣù ni Nọ́ọ̀sì Marah ń fún un lábẹ́rẹ́ nítorí ohùn náà. Gbogbo ìgbà ló ń bi Finda pé, "Ṣé kò mugbó mọ́?" Finda á ní kò mu ún mọ́. Òfin kò gba igbó láàyè, ó sì rò pé bí òun bá jẹ́wọ́, ọlọ́pàá ni yóò kọ́kọ́ gbọ́. Nọ́ọ̀sì gbà á gbọ́. Ní ilé ìwòsàn, wọ́n rò pé oògùn ni kò tó, wọ́n sì ń fi kún un.

Ọwọ́ Aiah wá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n.

"Aiah, orí mi kì í ṣe oko ẹ̀pà o," ni Kai ọlọ́kadà tó wá fárí wí. "Fá a ni mo ní, mi ò ní kí o ro ó."

"Jókòó jẹ́ẹ́. Ìwọ lò ń gbọ̀n."

Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín. Kai kò padà wá. Nígbà tí òjò fi dé, kò sẹ́ni tó ń jókòó sórí àga yẹn mọ́. Igbó tí Aiah ń mu wá pọ̀ sí i. Ó ní igbó ló ń jẹ́ kí apá òun rọ̀.

Lọ́jọ́ kan, Nọ́ọ̀sì di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ń wò ó. "Abẹ́rẹ́ ló fa èyí. À bá dín in kù, àmọ́ ara rẹ̀ kò tíì balẹ̀."

Finda wo ọwọ́ náà. "Nọ́ọ̀sì, ó ń mugbó. Kò fìgbà kan dáwọ́ dúró."

Nọ́ọ̀sì gbé bírò rẹ̀ sílẹ̀. "Láti ọdún méjì yìí, Ẹ̀gbọ́n Finda?"

"Láti ọdún méjì."

Nọ́ọ̀sì kò pe ọlọ́pàá. Ó fi pẹ̀lẹ́ ṣàlàyé fún Aiah pé igbó ló ń bọ́ ohùn náà, pé bí ó bá lè fi í sílẹ̀, àwọn yóò máa dín abẹ́rẹ́ kù díẹ̀díẹ̀. Aiah kò wo ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló tẹjú mọ́.

"Ẹ̀yin ni," ó wí. "Ohùn yẹn ń sọ fún mi pé ẹnìkan nínú ilé ni, mo ń bá a jiyàn. Mo ní kò lè jẹ́ ẹ̀yin."

Lọ́jọ́ náà ló ká ẹní rẹ̀ lọ sílé Sia, opó tó wà ní ìtòsí. Igbó tó ń mu dín kù, kò tán. Wọ́n dín abẹ́rẹ́ kù, ọwọ́ rẹ̀ sì balẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Èèyàn mẹ́rin padà wá fárí. Ṣùgbọ́n kò fẹnu kan oúnjẹ Finda mọ́. Finda wá ń se ìrẹsì àti ọbẹ̀ ewé ẹ̀gẹ́, ó ń gba ẹ̀yìnkùlé gbé e fún Sia, Sia á sì bù ú fún un bí ẹni pé òun ló sè é.

"Ṣé ó jẹun?" Finda bi í nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan.

"Ó jẹ ẹ́ tán. Ó tún lá abọ́."

"Kí ló sọ?"

Sia na abọ́ náà sí i. "Ó ní kí n má jẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé òun ń jẹun níbí. Ó ní ẹ máa lọ ròyìn òun."

Finda gba abọ́ rẹ̀, ó sì gba ẹ̀yìnkùlé padà sílé.