Fèrè Idẹ Tí Mo Fi Ewé Ìpín Kùn

Láti àárọ̀ Sátidé tó kọjá ni òórùn kan ti ń gba ojú fèrèsé wọlé tọ̀ mí wá, òórùn oògùn olómi tí wọ́n fi ń dán idẹ. Àwọn ọ̀dọ́ ìjọ wa ló ra fèrè tòkúnbọ̀ kan láti orí fóònù, tùrọ́ḿpẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì kó ara wọn jọ sábẹ́ igi máńgòrò ẹ̀yìn ilé mi ní Ọ̀wọ̀ níbí, wọ́n ń nù ún. Ẹni mẹ́ta ń nù, ẹni méje ń ya fọ́tò. Mo jókòó títí oòrùn fi kan àtàrí, n kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni fọn ún. Mo pe ọ̀kan nínú wọn, ọmọkùnrin kan tó gé irun bí ẹni tí eku jẹ lórí, mo ní ta ni yóò máa fọn ohun tí wọ́n rà yìí. Ó ní, "Màmá, a ṣì ń gbàdúrà sí i."

Mo pòṣé, mo ti fèrèsé. Ẹ má bínú sí mi, ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹnu mi mú, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ìwà òmùgọ̀ yìí kì í ṣe tiyín nìkan, ẹ bá a nílé ni. Èmi gan-an wà níbẹ̀ nígbà tí àwọn àgbà ìjọ wa hu irú rẹ̀, ọwọ́ mi sì wà níbẹ̀.

Ọmọ ọdún méjìlá ni mí nígbà náà. Akọ̀wé ìjọba ni bàbá mi, ìjọ tí a ń lọ sì kún fún àwọn akọ̀wé bíi tirẹ̀, àwọn ènìyàn tó ń wọ kóòtù nínú ooru, tí wọ́n rò pé bí àwọn bá ṣe làágùn tó ni Ọlọ́run á ṣe rí àwọn tó. Lọ́dún náà, ìjọ tó wà ní òdìkejì títì ra fèrè idẹ. Ìyẹn nìkan ló fà á. Kò sí ẹni tó ń wá orin nínú wọn. Ohun tí kò jẹ́ kí wọ́n sùn ni pé àwọn ará ọ̀hún ní, àwa kò ní.

Bàbá Akọrin ni wọ́n gbé iṣẹ́ rírà náà lé lọ́wọ́. Òun ni olórí ẹgbẹ́ akọrin wa, kì í ṣe nítorí pé ó mọ orin, bí kò ṣe pé ohùn rẹ̀ ló máa ń ròkè jù nípàdé. Bí a bá ń kọrin, á máa fi ọ̀pá kékeré kan na afẹ́fẹ́ bí ẹni tó ń lé eṣinṣin lórí ẹran, àwa náà á sì máa kọ tiwa lọ láìwo ibi tó wà.

Ó gbọ́ pé ọlọ́pàá kan tó ti fẹ̀yìn tì, tó máa ń fọn fèrè nínú ẹgbẹ́ olórin wọn, kú sí Ìyẹrè, ìlú kékeré kan nítòsí wa, opó rẹ̀ sì fẹ́ ta fèrè náà. A fẹsẹ̀ rìn lọ lọ́jọ́ kan lẹ́yìn iléèwé, èmi ni mo gbé agbòjò rẹ̀ tẹ̀ lé e. Obìnrin náà ń yan gààrí nígbà tí a dé. Ó nu ọwọ́, ó wọlé, ó fa fèrè jáde lábẹ́ ibùsùn, ẹ̀wù iṣẹ́ ọkọ rẹ̀ ló fi wé e. Ó dúdú bí ìdí ìkòkò, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan sì tẹ̀ wọnú díẹ̀.

Ẹ bá mi wo Bàbá Akọrin! Ó fi ìka lù ú bí ẹni tó ń ra ìkòkò amọ̀, ó yọjú wo inú rẹ̀, ó ní idẹ rẹ̀ kò nípọn. Ó wá gbé e sẹ́nu. Ìró tó jáde níbẹ̀, n kò ní sọ ohun tó jọ, nítorí àwọn ọmọdé lè máa kà á. Ewúrẹ́ tó sùn sẹ́nu ọ̀nà dìde, ó bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé.

Ọmọ obìnrin náà wá fi ọwọ́ méjèèjì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Àjàyí ni orúkọ rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́tàlá, ó rí tẹ́ẹ́rẹ́, etí rẹ̀ tóbi. Ó di ètè, ó fọn ún. N kò gbọ́ irú ohùn bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Orin tí wọ́n fi sin bàbá rẹ̀ ló fọn, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ìyá rẹ̀ sì kọjú sí ògiri títí ó fi parí. Láti ọjọ́ náà ni mo ti fẹ́ràn ọmọ yẹn, ojú kò sì tì mí láti sọ ọ́ lónìí.

Kí ìyá rẹ̀ tó gba owó, ohun kan ṣoṣo ló sọ, pẹ̀lú ohùn ilé wa tó ki: "Fèrè ni mo tà, mẹ̀ẹ́ ta ọmọ mi. Òun ni kó máa fọn ọ́n." Bàbá Akọrin na ọwọ́ sókè, ó búra pé Àjàyí nìkan ni yóò máa fọn ún ní ìjọ wa.

Gbogbo Sátidé ni Àjàyí ń fẹsẹ̀ rìn wá láti Ìyẹrè fún ìdánrawò, ọwọ́ rẹ̀ kì í sì í ṣófo. Ó lè mú àgbàdo sísun wá, ó lè mú àgbálùmọ̀ wá bí àsìkò rẹ̀ bá tó. Bí a bá ti parí, èmi àti òun á jókòó sórí àtẹ̀gùn, á máa kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń di ètè, títí ètè mi á fi wú tí ìyá mi á sì máa bi mí pé ta ló nà mí. Ó kọ́ mi bí bàbá rẹ̀ ṣe ń fọ̀ ọ́: omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ, àkísà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí wọ́n so mọ́ okùn tí wọ́n ń fà gba inú rẹ̀ já, àti ẹ̀kán òróró ẹ̀rọ ìránṣọ lára àwọn ọ̀pá kéékèèké mẹ́ta tí wọ́n ń fi ìka tẹ̀. Ó ní àwọn ọ̀pá yẹn ni ẹ̀mí fèrè. Wọ́n bá ihò wọn mu débi pé irun orí kò lè gba àárín wọn kọjá. "Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ohun tó rí ṣákaṣàka kàn án o. Dúdú rẹ̀ yẹn kì í ṣe ẹ̀gbin." Mo ní mo ti gbọ́.

Ó wá ku ọ̀la kí Bíṣọ́ọ̀bù wá bẹ̀ wá wò. Lẹ́yìn ìdánrawò, Bàbá Akọrin wo fèrè náà bí ẹni pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i. Ó ní, "Ṣé ìkòkò ọbẹ̀ yìí la fẹ́ gbé síwájú Bíṣọ́ọ̀bù? Ṣáìnì ni ojú wọn máa kọ́kọ́ rí o!" Àjàyí dọ̀bálẹ̀, ó ṣàlàyé fún un pé ohùn rẹ̀ á bàjẹ́. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín ẹlẹ́yà, ó ní, "Ará oko ló máa wá kọ́ ọmọ Ọ̀wọ̀ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú idẹ?" Gbogbo akọrin bú sẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ṣe bí ẹni gbà, ó ní ó dára, kí Àjàyí máa lọ sílé.

Bí ọmọ náà ti lọ tán ni Bàbá Akọrin pè mí, ó ní kí n lọ dán fèrè náà. Ó mọ ẹni tó yẹ kó pè. Ní Ọ̀wọ̀ wa, idẹ kì í ṣe ohun àmúṣeré. Láti ìgbà tí àwa àti Bìní ti jọ ń ṣe wọlé-wọ̀de ni ọ̀ṣọ́ idẹ ti wà nílé àwọn olóyè, ìtìjú ńlá sì ni kí olóyè wọ idẹ dúdú jáde lọ́jọ́ ọdún. Ìyá bàbá mi ló ń dán ti agboolé olóyè kan ládùúgbò wa, ó sì ti kọ́ mi: eérú tí a fi asẹ́ sẹ́, ọsàn wẹ́wẹ́, àti ewé ìpín, ewé tó rí ṣákaṣàka tí àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà fi ń dán igi. Kò sí ọmọdébìnrin tó mọ̀ ọ́n ṣe bíi tèmi, mo sì mọ̀ pé kò sí.

Mo jókòó sẹ́yìnkùlé wa, mo fi eérú àti ọsàn bó dúdú rẹ̀, mo fi ewé ìpín kùn ún títí ara rẹ̀ fi pọ́n yòò. N kò dúró síbẹ̀. Mo yọ ọ̀pá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jáde, mo fi ewé tuntun kun ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ìgbà tí mo bá ń dán ẹ̀gbà ọwọ́, mo sì dá wọn padà sínú ihò pẹ̀lú eérú tó kù níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ Àjàyí ń dún létí mi ní gbogbo àkókò yẹn. Mo sọ fún ara mi pé ọlọ́pàá ni bàbá rẹ̀, kí ni ọlọ́pàá mọ̀ nípa idẹ? Nígbà tí mo gbé e dé, Bàbá Akọrin wo eyín ara rẹ̀ nínú rẹ̀, inú rẹ̀ dùn, ó fún mi ní bisikíìtì. Mo jẹ ẹ́ tán lójú ọ̀nà.

Lọ́jọ́ kejì, ó gbé fèrè náà sórí tábìlì tí wọ́n tẹ́ aṣọ funfun lé, ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án, kí àpá ìka má baà hàn lára rẹ̀. Àjàyí dé pẹ̀lú ìyá rẹ̀, tó wọ aṣọ tó dára jù tó ní. Ọmọ náà rí fèrè láti òkèèrè, ó dúró sójú kan. Kò ráyè dán an wò. Bíṣọ́ọ̀bù wọlé, gbogbo ènìyàn dìde, Bàbá Akọrin na ọ̀pá rẹ̀ sí ọmọ náà. Ohùn àkọ́kọ́ jáde, ó mọ́ gaara. Ó tẹ ọ̀pá kan, ọ̀pá wọlé, kò jáde mọ́. Ó tẹ ìkejì, ìyẹn náà há. Ohùn kan ṣoṣo ló ń jáde léraléra, àwọn ènìyàn sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín.

Bàbá Akọrin kọjú sí Bíṣọ́ọ̀bù, ó tẹrí ba, ó ní kí wọ́n má bínú, ọmọ oko náà ló ti ba fèrè ìjọ jẹ́. Ó sọ ọ́ sókè, ìyá Àjàyí gbọ́ ọ láti ìjókòó ẹ̀yìn. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àwọn àgbà wa kún iwájú bámúbámú lọ́jọ́ náà, kò sí èyí tó bi ọmọ náà léèrè ọ̀rọ̀ kan. Èmi wà ní ìlà àkọ́kọ́ àwọn akọrin, bí mo bá na ọwọ́ mo lè kan Àjàyí. Gbólóhùn kan péré ni: "Èmi ni, sà." N kò la ẹnu mi. Àjàyí wò mí díẹ̀. Ó rọra gbé fèrè padà sórí aṣọ funfun, ó ní, "Ulé ni mò ń lọ," ó lọ mú ìyá rẹ̀ lọ́wọ́, wọ́n jáde. Bíṣọ́ọ̀bù, nínú ìwàásù rẹ̀, yìn wá pé àwọn ohun èlò ìjọ wa ń dán.

Àjàyí kò padà wá mọ́. Wọ́n fi fèrè sínú àpótí onígíláàsì, wọ́n ń dán an lọ́dọọdún, kò sí ẹni tó tún fọn ún. Wọ́n sọ ọ́ di ilé ọba tó jó, wọ́n ní ẹwà ló bù sí i. Bàbá Akọrin joyè nínú ìjọ kó tó kú, lọ́jọ́ ìsìnkú rẹ̀ wọ́n sì ní ó mọ orin bí ẹni mọ ilé bàbá rẹ̀. Mo wà níbẹ̀, mò ń jẹ ìrẹsì, mò ń pòṣé.

Ìgbà tí mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mo tó lọ sí Ìyẹrè. Ó lé ní ogójì ọdún tí mo ti ń sọ pé mo máa lọ. Mo bá a níwájú ilé, ó ń sá kòkó. Orí rẹ̀ ti funfun. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Bọ̀dá Àjàyí, èmi ni mo fi ewé ìpín kùn ún."

Ó ń yí kòkó rẹ̀ lọ. Ó ní, "Mo mọ̀. Ta ló tún lè dán an báyẹn?" Mo ní kí ló dé tí kò fi sọ ọ́ lọ́jọ́ náà. Ó ní òun mọ̀ọ́mọ̀ rọra rìn ni, òun àti ìyá òun, títí wọ́n fi kọjá odò, torí òun rò pé òun á gbọ́ ẹsẹ̀ mi lẹ́yìn. Ìyá òun sì bi òun lẹ́ẹ̀mejì pé kí ni òun ń wẹ̀yìn sí. Mo bi í bóyá ó tún fọn fèrè lẹ́yìn náà. Ó ní, "Èwo ni n bá fọn?" Lẹ́yìn náà ló ní kí n dìde nílẹ̀, ó lọ gbé àga wá fún mi.

Ọ̀nà Ìyẹrè ti di ọlọ́dà, ọ̀kadà ni wọ́n ń gùn ún báyìí. Ìyá àgbà tó kọ́ mi ní idẹ ti lọ, ìmọ̀ ọwọ́ rẹ̀ sì bá a lọ, kò sí ọmọ kan ládùúgbò mi tó lè fi ewé ìpín hàn mí nínú igbó. Ìyẹn kò dùn mí púpọ̀. Èyí tó kọ̀ tí kò kúrò nílẹ̀ ni ẹni tí kò lè fọn, tó ń pàṣẹ pé kí ó ṣáà máa dán, àti ẹni tó mọ òótọ́ tó panu mọ́. Mo ti bú Bàbá Akọrin fún ọ̀pọ̀ ọdún, mo sì tún bú u dáadáa nínú ìwé yìí, torí ó rọrùn láti bú òkú. Ṣùgbọ́n òpè lásán ni ọkùnrin yẹn. Kò mọ̀ pé ewé ìpín á ba fèrè jẹ́. Èmi mọ̀.