Ṣokoléètì Kíkorò Tí A Gbé Lọ sí Ẹ̀rìn-Ilé

Ṣọ́ọ̀bù mi wà lójú ọ̀nà tó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ gbogboònṣe l'Ọ́fà, láàárín télọ̀ kan àti obìnrin kan tó ń sun àgbàdo, nítorí náà òórùn tó máa ń wà níbẹ̀ kò ju ti èéfín àti epo ẹ̀rọ ìránṣọ lọ. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí páálí ṣokoléètì dúdú àkọ́kọ́ dé láti Àkúrẹ́, tí mo fi ọ̀bẹ la ojú rẹ̀, òórùn mìíràn gba gbogbo ibẹ̀. Kì í ṣe òórùn súìtì tí a mọ̀ láti kékeré. Òórùn kòkó gan-an ni, bíi ti kòkó tí wọ́n sá sórí ẹní lóòrùn, ó ń ta sánsán, ó sì ní nǹkan bí igi tútù nínú. Télọ̀ dá ẹsẹ̀ ẹ̀rọ rẹ̀ dúró, ó yọjú, ó ní, "Màdáámù, kí lẹ ń sè?" Títí dòní, bí mo bá la páálí kan, ẹ̀rín ló máa ń kọ́kọ́ pa mí, nítorí mo máa ń rántí ibi tí páálí àkọ́kọ́ yẹn gbé mi dé.

Ọ̀rẹ́ mi, ìwọ náà mọ iṣẹ́ mi. Agbọ̀n ẹ̀bùn ni mo ń dì. Mo máa ń to bisikíìtì, dàbínù, oyin àti tíì sínú agbọ̀n, màá fi ọ̀rá dídán bò ó, màá wá fi ríbọ́ọ̀nù dè é lórí. Wọ́n ń rà á fún Kérésì, fún Iléyá, fún ọ̀gá ibi iṣẹ́ tó ń fẹ̀yìn tì. Ohun tó ń bí mi nínú nígbà náà ni pé Ìlọrin ni gbogbo àwa alágbọ̀n ti ń ra súìtì kan náà, débi pé bí o bá rí agbọ̀n kan l'Ọ́fà, o ti rí gbogbo wọn. Lọ́jọ́ kan, nílé ọ̀rẹ́ mi kan, wọ́n fún mi ní ṣokoléètì dúdú kan jẹ. Obìnrin kan ló ń fi kòkó wa ṣe é ní Àkúrẹ́. Ó dùn, ṣùgbọ́n kì í ṣe adùn tó ń lẹ̀ mọ́ ẹnu. Mo gba nọ́ńbà obìnrin náà lójú ẹsẹ̀. Ó ní òun kì í tà á ní ẹyọ-ẹyọ fún oníṣọ́ọ̀bù, páálí-páálí ni. Mo ní páálí-páálí gan-an ni mò ń wá.

Àsìkò yẹn gan-an ni Alhaja kan tó ń ta láàsì lọ́jà Owódé wá bá mi. Ọmọkùnrin rẹ̀ fẹ́ gbé ìyàwó, Ẹ̀rìn-Ilé ló sì ti rí i. Ìwọ náà mọ bí nǹkan ṣe rí láàárín àwa àti wọn. A ń ra ọjà lọ́wọ́ ara wa, a ń fẹ́ ọmọ ara wa, ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá ti dárúkọ ààlà ilẹ̀ tí ìlú méjèèjì ń jà sí báyìí, kálukú a sá sẹ́yìn ìlú rẹ̀. Bàbá ọmọbìnrin náà kò tíì sọ pé òun gbà. Ó ti sún ọjọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ síwájú lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tó wá dá ọjọ́ kẹta, ẹ̀rù bẹ̀rẹ̀ sí í ba Alhaja. Ó jókòó sórí àpótí nínú ṣọ́ọ̀bù mi, ó ní, "Alágbọ̀n, ọmọ kan ṣoṣo l'Ọlọ́run fún mi. Bá mi di agbọ̀n tí ẹnikẹ́ni ò ní rí ẹnu fi sọ̀rọ̀ sí."

Mo pe obìnrin Àkúrẹ́. Ó bi mí pé, "Èwo ni kí n kó wá? Àádọ́ta, àádọ́rin, àbí àádọ́rùn-ún?"

Ọ̀rẹ́ mi, ọmọ tíṣà ni mí. Bàbá mi kọ́ni nílé ẹ̀kọ́ ìjọ Áńgílíkà títí ó fi fẹ̀yìn tì, nínú ilé wa, ẹni tó bá gba àádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún kì í gbé orí sókè nídìí oúnjẹ. Èwo ni kí n wá gbé máàkì àádọ́ta lọ sílé àna ẹlẹ́ni? Mo ní, "Àádọ́rùn-ún ni kí ẹ kó wá, Mà."

Ó ní, "Ṣé ó dá yín lójú?"

Mo ní ó dá mi lójú ṣáká. Inú mi tilẹ̀ dùn pé mo ra èyí tó gba ipò kìíní. Nígbà tó dé, n ò tọ́ ọ wò. Ìyá mi ló kọ́ wa bẹ́ẹ̀: ohun tí èèyàn bá fẹ́ fi ta ará ìta lọ́rẹ, ẹnu tirẹ̀ kò gbọdọ̀ kọ́kọ́ kàn án. Mo to ṣokoléètì náà sáàárín agbọ̀n tó tóbi jù, nínú bébà aláwọ̀ wúrà, mo sì fi ríbọ́ọ̀nù aláwọ̀ ewé yí i ká. Ó rẹwà débi pé obìnrin alágbàdo pe àwọn oníbàárà rẹ̀ wá wò ó.

Ọ̀yẹ́ ń fẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà, èyí tó jẹ́ oore fún mi, nítorí oòrùn ìlú wa kì í bá ṣokoléètì ṣeré. Alhaja ní dandan ni kí n bá wọn lọ, kí n lè tún agbọ̀n tò bí ó bá dà rú lọ́nà. Ẹ̀yìn ọkọ̀ ni mo jókòó sí, agbọ̀n lórí itan mi. Mo mú páálí kékeré kan tó ti ya, tí mo ti fi òmíràn rọ́pò, dání nínú báàgì mi. Bí a ti ń kúrò níbi àwọn ilé tó gbẹ̀yìn l'Ọ́fà, mo wò ó pé tèmi nìyí báyìí, mo bá ju ẹyọ kan sẹ́nu.

Yéè! Ó korò bí ewúro tí wọn ò fọ̀. Mo kọ́kọ́ rò pé ó ti bàjẹ́. Mo wá ka ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn rẹ̀, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá yé mi pé kòkó ni wọ́n ń fi nọ́ńbà yẹn kà, kì í ṣe máàkì. Bí nọ́ńbà bá ṣe ń gòkè ni ṣúgà ń sọ̀ kalẹ̀. Ohun kíkorò ni mo gbé sórí itan, mò ń gbé e lọ sílé àna tí kò tíì gbà, nílùú tó ń wá ẹ̀sùn sí wa lẹ́sẹ̀. Mo la ẹnu láti sọ fún Alhaja, ṣùgbọ́n ó ti ń ṣe àdúrà asàláátù níwájú, ọkọ̀ sì ti yà wọ àgbàlá wọn. Gbogbo ohun tí mo rí ṣe ni pé nígbà tí a ń to ẹrù sílẹ̀ nínú pálọ̀, mo rọra ti agbọ̀n ńlá náà sẹ́yìn iṣu tí a kó wá.

Wọ́n kọ́kọ́ gbé oyin. Bó ti máa ń rí nílé tiwa náà ni: ẹnì kan á tọ́ ọ wò, á ṣàdúrà pé ilé ọkọ á dùn fún ọmọ, àwọn tó kù á ṣe àmín, abọ́ á sì kọjá sọ́dọ̀ ẹni tó kàn. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ bàbá ìyàwó, bàbá gíga kan tó kó ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ṣe àmín, ó sì gbé abọ́ fún ẹni tó tẹ̀ lé e láì fi ẹnu kàn án. Dàbínù dé, ó ṣe bákan náà. Bisikíìtì dé, bákan náà. Pálọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tutù. Kò sẹ́ni tí kò mọ ohun tó túmọ̀ sí tí bàbá ọmọ kò bá jẹ nínú ohun tí àna gbé wá. Mo rí i tí Alhaja ń fi ìka rún etí gèlè rẹ̀, mo sì rí ọmọkùnrin rẹ̀ tó tẹjú mọ́ ilẹ̀. Àánú wọn ṣe mí débi pé omi lé sí mi lójú.

Ẹ̀gbọ́n bàbá náà obìnrin, ìyá àgbà kan tí ojú rẹ̀ kì í kọjá nǹkan, ló na ọwọ́ sí ẹ̀yìn iṣu. "Kí lẹ fi pamọ́ síbí yìí?"

Kí n tó rí nǹkan sọ, ó ti bọ́ bébà wúrà, ó ti jù ú sẹ́nu. Ojú rẹ̀ hunjọ. "Ẹ gbà mí! Ará Ọ̀fà, kí lẹ gbé wá fún wa yìí? Ewúro?"

Mo gbọ́ tí ẹnì kan lẹ́yìn sọ pé, "Ṣé mo sọ ọ́, àbí n ò sọ ọ́?" Alhaja yíjú sí mi. Ilẹ̀ ò kàn lanu ni, ǹ bá wọ inú rẹ̀.

Bàbá ìyàwó ló sọ̀rọ̀. "Ó korò, ẹ̀gbọ́n mi?"

"Ó korò kọjá ààlà."

"Ẹ gbé e sún mọ́ mi."

Nọ́ọ̀sì ni ìyàwó. Ó dìde láàárín àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó wá kúnlẹ̀ ti bàbá rẹ̀, ó yí páálí kékeré inú agbọ̀n náà sẹ́yìn, ó kà á, ó tún un kà. "Ṣúgà inú rẹ̀ ò tó nǹkan, Bàbá mi. Ẹ lè tọ́ díẹ̀ wò." Ó ṣẹ́ ẹ sí kékeré, ó fi lé e lọ́wọ́. Ìgbà yẹn ló yé wa: àtọ̀gbẹ ló ń bá bàbá náà fínra láti ọdún tó ti pẹ́. Kì í ṣe pé ó ń kọ̀ wá. Ó kàn ń ṣọ́ ara rẹ̀ ni, ojú sì ń tì í láti sọ ọ́ níwájú àna.

Ó fi í sẹ́nu. Ó di ojú. Kò jẹ ẹ́ ní kánkán, ó jẹ́ kó máa yọ́ fúnra rẹ̀, gbogbo wa sì ń wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ bí ẹni ń wo ẹnu ọ̀nà. Nígbà tó la ojú, omi wà nínú rẹ̀. "Ọmọ mẹ́ta ni mo ti fi fọ́kọ ṣáájú èyí," ó sọ fún Alhaja. "Gbogbo oyin tí wọ́n gbé wá sílé yìí, àmín rẹ̀ nìkan ni mo ṣe. Èyí nìkan ló dé ẹnu mi. Ta ló sọ fún yín?"

Ọ̀rẹ́ mi, ẹlòmíràn ì bá gba ìyìn yẹn kó fi ṣe tirẹ̀. Alhaja kúnlẹ̀, ó ní, "Alhaji, n ò lè purọ́ lọ́jọ́ bí èyí. Kò sẹ́ni tó sọ fún wa. Alágbọ̀n wa ló ṣèèṣì rà á." Èmi náà kúnlẹ̀, mo sọ ọ̀rọ̀ máàkì àádọ́rùn-ún bó ti rí. Bàbá náà ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó mi gbogbo ara rẹ̀, ni ilé bá gbà á, títí kan ẹni tó ń kùn lẹ́yìn. "Àṣìṣe tó mọ ilé onílé rèé," ó ní. "Ẹ má jáwọ́ níbẹ̀ o!"

Ìyá àgbà ti béèrè omi láti fọ ẹnu. Ó mu ún, ó dúró, ó tún mu ún. "Omi yìí dùn! Ó dùn bí ìgbà tí èèyàn jẹ obì." Ló bá yí i dà sí àdúrà, ó ní ohun tó bá korò nínú ilé àwọn ọmọ yìí, adùn ni Ọlọ́run yóò fi tẹ̀ lé e. Àmín wa ròkè. Ẹnì kan wá fi ṣeré pé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ńkọ́. Bàbá ìyàwó tún mú ẹ̀rún kan tó kù lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀, ó ní, "Ilẹ̀ ò lọ síbì kan. Ọmọ ló ń lọ. Ẹ mú ọjọ́ ìgbéyàwó wá." Bí a ti ń darí bọ̀ wá sí Ọ̀fà, orin ni Alhaja ń kọ nínú ọkọ̀, kò sì mọ orin kọ rárá.

Oríṣi mẹ́ta ni mo ń ra ṣokoléètì náà báyìí, kíkorò rẹ̀ sì wà lórí pẹpẹ ẹnu ọ̀nà. Alhaja ń wá rà á fún àna rẹ̀ ní gbogbo Iléyá, télọ̀ sì ń pè é ní ṣokoléètì àna. Ṣùgbọ́n ohun tí ọjọ́ yẹn fi sí mi nínú ju ọjà lọ. Tẹ́lẹ̀, adùn tí gbogbo èèyàn mọ̀ ni mo máa ń wá kún inú agbọ̀n, n kì í rò ó pé ẹnì kan wà níbẹ̀ tó ń fi ẹ̀rín músẹ́ gbé abọ́ kọjá. Nísinsìnyí, kí oníbàárà tó sọ irú agbọ̀n tó fẹ́, mo máa ń bi í pé, "Ta ni kì í jẹ níbẹ̀?" Wọ́n á kọ́kọ́ wò mí tìyanu-tìyanu. Lẹ́yìn náà ojú wọn á rọ̀, wọ́n á ní, "Ẹ ò rí i, màmá wa kan wà…" Ọ̀dọ̀ ẹni yẹn ni mo ti máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í to agbọ̀n.