Ohùn Ẹnu Wáyà ní Baguida

Ẹni tó bá máa pè mí ní òpùrọ́, kó yáa pè mí báyìí, torí tí mo bá ti bẹ̀rẹ̀, mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni dá ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu. Ojú mi méjèèjì yìí ló rí i. Ọ̀sán gangan ni, kì í ṣe òru. Oorun kò kùn mí, ibà kò sì ṣe mí.

Iṣẹ́ èmi àti ẹ̀gbọ́n mi Ganíyù ní Lomé ni pé à ń so kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ àti ilé ẹ̀kọ́ pọ̀, kí wọ́n lè máa bá ara wọn sọ̀rọ̀. Gbossimé ni ṣọ́ọ̀bù wa wà. Bí mo bá ń gun àkàbà, àwọn kan a máa wò mí tìyanu-tìyanu, wọ́n á ní kí ni obìnrin ń wá lókè àjà. Ẹ̀gbọ́n mi á ní kí wọ́n fi mí sílẹ̀ o, pé ọwọ́ mi dá ṣáká ju tòun lọ. Aláwàdà ni, ẹ̀rín kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀. Ẹ gbà mí gbọ́, mo fẹ́ràn rẹ̀ ju bàbá tó bí mi lọ.

Ilé ẹ̀kọ́ aládàáni kan tó kọjú sí òkun ní Baguida ló pè wá. Màdáàmù tó jẹ́ ọ̀gá ibẹ̀ ní ojoojúmọ́ ni kọ̀nẹ́ṣọ̀n àwọn ń kú tí ọ̀sán bá ti pọ́n, tí á sì jí fúnra rẹ̀ tí oòrùn bá yẹ̀. A gbé ẹ̀rọ tuntun kan dání, a so ó mọ́ ti àtijọ́ ní ọ́fíìsì rẹ̀, a sì jókòó dúró de ọ̀sán.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé díẹ̀ kí ọ̀rọ̀ má baà rú yín lójú. Ẹ̀rọ tó ń so kọ̀ǹpútà pọ̀ là ń pè ní suwíìṣì, àpótí pẹlẹbẹ kan tó ní ihò púpọ̀ níwájú, tí à ń ki wáyà bọ̀. Wọ́n so ti ilé ẹ̀kọ́ náà yípo, kó lè jẹ́ pé bí wáyà kan bá já, òmíràn á gbà á. Ọgbọ́n ni. Àmọ́ ọ̀rọ̀ tó bá wọ inú òbìrí bẹ́ẹ̀ kì í ríbi jáde mọ́, á máa yí, á máa pọ̀ sí i, títí gbogbo ọ̀nà á fi dí pa.

Ìdí nìyẹn tí àwọn suwíìṣì fi máa ń yan olórí. Bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jí, oníkálukú ló ń pariwo pé òun ni olórí, á sì sọ nọ́ńbà rẹ̀. Èyí tó bá gbọ́ nọ́ńbà tó kéré sí tirẹ̀ á gbẹ́nu dákẹ́, á wá máa tún ọ̀rọ̀ olórí sọ fún àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí gbogbo wọn bá ti gbà fún ẹnì kan, wọ́n á ti ọ̀nà tó ń sọ wáyà di òbìrí pa, àlàáfíà á sì dé. Bí olórí bá sì yí padà, iṣẹ́ á dúró títí wọ́n á fi tún ọ̀nà yàn.

Ènìyàn lè fún èyí tó bá wù ú ní nọ́ńbà kékeré kó lè jẹ olórí. Bí kò bá sẹ́ni tó ṣe bẹ́ẹ̀, tàbí tí nọ́ńbà méjì bá dọ́gba, nọ́ńbà àbímọ́ ni wọ́n máa wò, èyí tí wọ́n tẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ lára níbi tí wọ́n ti ṣe é, ó sì sábà máa ń bọ́ sí ọwọ́ èyí tó dàgbà jù. Bí ìdílé tí bàbá kú láì sọ ẹni tó máa gba àyè rẹ̀ ni. Ohun kan ṣì kù. Kò sí suwíìṣì tó mọ ibi tí olórí wà. Ihò ara rẹ̀ tó kọjú sí i nìkan ló mọ̀.

Bí ọ̀sán ṣe pọ́n, a rí i lójú kọ̀ǹpútà wa pé olórí yí padà. Nọ́ńbà kan ló dé tó ní òun ni olórí, gbogbo àwọn yòókù sì tẹrí ba fún un. A wá nọ́ńbà náà lára gbogbo ẹ̀rọ inú ọgbà yẹn, a kò rí i.

"Ó wà níbì kan," ẹ̀gbọ́n mi wí. "Jẹ́ ká tẹ̀ lé e."

À ń tẹ̀ lé ihò tó kọjú sí olórí láti orí suwíìṣì kan dé òmíràn, láti ọ́fíìsì màdáàmù dé yàrá ìkàwé, láti ibẹ̀ dé ẹ̀yìn ilé ìdáná, títí a fi dé ilé kékeré kan tí wọ́n ti pa tì létí òkun. Suwíìṣì tó kẹ́yìn wà lára ògiri níta. Iná aláwọ̀ ewé kan ń ṣẹ́jú lẹ́nu ihò rẹ̀, wáyà ihò náà sì gba inú ògiri wọlé.

Ọlọ́dẹ ilé ẹ̀kọ́ náà sáré bá wa. Bàbá kan tó wá láti Atakpamé ni, èdè Ifẹ̀ tirẹ̀ àti Nàgó tiwa sì gbọ́ra.

"Ẹ̀yin ọmọ mi, ọ̀sán ti pọ́n," ó rọra wí. "Ẹ jẹ́ kí oòrùn yẹ̀ ná."

"Kí ló wà níbẹ̀, Bàbá?" mo bi í.

"Ibẹ̀ ni ẹni tó fa gbogbo wáyà yìí máa ń jókòó sí. Òkun gbé e lọ pẹ̀lú ìdajì ilé. A ò rí òkú rẹ̀." Ó bojú wẹ̀yìn. "Ó ṣì ń wá síbi iṣẹ́."

Ìyá wa kọ́ wa láti kékeré pé a kì í rìn gbéregbère lọ́sàn-án gangan, pé bí a bá gbọ́ ohùn tí a kò rí ẹni tó ni ín, a kò gbọdọ̀ dáhùn. Àwa méjèèjì la jọ gbọ́ ọ. Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín, ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ fún bàbá, ó ti ilẹ̀kùn ṣí, a wọlé.

Ilẹ̀ yàrá náà ti lọ dé ìdajì. Níbi tó yẹ kí tábìlì wà, ìgbì òkun ló ń lu òkúta nísàlẹ̀. Wáyà yẹn rọ̀ dirodiro lórí omi, ẹnu rẹ̀ ti já, iyọ̀ ti jẹ ẹ́, kò wọ inú nǹkan kan. Mo tún jáde lọ wo suwíìṣì. Iná rẹ̀ ń ṣẹ́jú. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ yìí mọ̀ pé èèwọ̀ ni, iná ihò kì í tàn bí ẹ̀rọ kò bá sí lẹ́nu wáyà lọ́hùn-ún.

Nígbà tí mo padà wọlé, ẹ̀gbọ́n mi ti di ẹnu wáyà náà mú, ó gbé e sétí.

"Gbọ́ ọ," ó sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Mo gbé etí sún mọ́ ọn. Ohùn ọkùnrin ni, ó tutù, kò kánjú. "C'est moi," ló ń wí, pé èmi ni. Á dákẹ́ díẹ̀, á tún ní, "C'est moi," bí onílé tó ń kan ilẹ̀kùn ara rẹ̀. Ẹ̀rù bà mí dé egungun. Mo fa ẹ̀gbọ́n mi láṣọ pé ká máa lọ.

Ẹnu ẹyẹ níí pẹyẹ. Ẹ̀gbọ́n mi gbé kọ̀ǹpútà lé orúnkún, ó fún suwíìṣì tuntun tí a gbé wá ní òdo, nọ́ńbà tó kéré jù tí ènìyàn lè fún ẹ̀rọ. Ó wá gbé wáyà náà sẹ́nu, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Ó parí, ọ̀gá," ó wí. "Èmi ni olórí báyìí."

Ohùn náà dákẹ́. Lójú kọ̀ǹpútà, ẹ̀rọ wa ti di olórí lóòótọ́, mo sì ní Alihamudulilahi. Kí n tó pè é tán, olórí tún yí padà. Ẹni yẹn náà ti di òdo, nọ́ńbà àbímọ́ rẹ̀ sì kéré sí ti ẹ̀rọ wa. Nígbà tí mo gbójú sókè, ẹ̀rín ti kúrò lójú ẹ̀gbọ́n mi.

"C'est lui," ó wí jẹ́jẹ́. Ó dákẹ́ díẹ̀. "C'est lui."

Òun ni. Òun ni. Nǹkan kan ṣoṣo tó ń sọ láti ọjọ́ náà nìyẹn. Èmi àti ọlọ́dẹ la gbé e kúrò níbẹ̀, a gbé e dé ilé rẹ̀ ní Adewui. Àwọn dókítà wò ó títí, wọn ò rí ohun tó ń ṣe é. Bí a bá tẹ́ ẹ síbi yòówù, ojú rẹ̀ á yí sí apá Baguida. Àfúsátù ìyàwó rẹ̀ rò pé òkun ló ń wù ú. Mi ò lè sọ fún un pé ọkọ rẹ̀ kò mọ ibi tí ẹni yẹn wà, pé apá ibi tó kọjú sí i nìkan ló mọ̀.

Ìrètí kan ló kù fún mi. Bí olórí àwọn ẹ̀rọ bá dákẹ́, wọ́n á gbàgbé rẹ̀, wọ́n á yan òmíràn. Nígbà tí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ wà ní ìsinmi, mo padà lọ, mo pa iná gbogbo suwíìṣì yẹn, mo sì pe Àfúsátù lórí fóònù.

"Tàǹtí, ó ti dákẹ́!" Ó ń sunkún ayọ̀. "Wallahi, ó ti dákẹ́!"

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, èmi náà bú sẹ́kún. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ tó ń pe ọkọ rẹ̀. "Bàbá Ràmátù? Bàbá Ràmátù?" Kò sẹ́ni tó dáhùn.

"Tàǹtí," ó wí, ohùn rẹ̀ ti yí padà. "Kò mí mọ́."

Mo tan iná náà padà. Àwọn ẹ̀rọ yẹn kì í tètè jí. Mo di fóònù mọ́ etí, mò ń gbọ́ igbe Àfúsátù, mo sì ń bẹ ẹni tí mi ò mọ̀ pé kó jọ̀ọ́, kó padà wá jẹ olórí. Ẹ gbọ́ ohun tí mo sọ o: mo bẹ̀ ẹ́. Ìgbà tó yá ni mo gbọ́ ọ láti ọ̀nà jíjìn, fẹ́ẹ́rẹ́, lẹ́nu ẹ̀gbọ́n mi. "C'est lui."

Láti ìgbà náà, èmi ni mò ń tọ́jú kọ̀nẹ́ṣọ̀n ilé ẹ̀kọ́ yẹn. Mo gbé bátìrì sábẹ́ gbogbo ẹ̀rọ wọn, torí iná ìlú yìí kò ṣeé gbọ́kàn lé. Kì í kú lọ́sàn-án mọ́, torí olórí yẹn kì í kúrò mọ́. Màdáàmù ń yìn mí. Ọkùnrin inú omi ni mò ń ṣiṣẹ́ fún. Mo ti gbé ọ̀rọ̀ yìí dé ọ̀dọ̀ àlùfáà, mo gbé e dé ọ̀dọ̀ pásítọ̀ pàápàá, wọ́n gbàdúrà títí ó fi rẹ̀ wọ́n. Kò sí ìyàtọ̀.

Òkun ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ẹsẹ̀ ògiri tí suwíìṣì tó kẹ́yìn wà báyìí. Èyí tó tún burú jù ni pé màdáàmù ti sọ fún mi pé àwọn fẹ́ kó gbogbo ẹ̀rọ àtijọ́ dànù, kí àwọn ra èyí tí kò lo wáyà. Mo kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Ó rò pé iṣẹ́ mi ni mi ò fẹ́ kó bọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe irú iṣẹ́ wa, bí ẹ bá pàdé olórí tí ẹ kò rí, ẹ má wá a lọ, ẹ má sì bá a du ipò. Bí wọ́n bá sì pè yín sí ilé ẹ̀kọ́ kan létí òkun ní Baguida pé kí ẹ wá tú àwọn suwíìṣì kan, ẹ dákun, ẹ ní ẹ kò ráyè. Wọ́n á sọ fún yín pé kò sẹ́ni tó ń lò wọ́n mọ́. Irọ́ ni. Ẹ̀gbọ́n mi ṣì ń mí.