Ọkọ̀ Kan Ṣoṣo Lórí Ọ̀nà Anselme

Anselme Courteix fi ọdún mẹ́tàdínlógójì tún títì ṣe fún ìjọba. Ìgbà tó fẹ̀yìn tì gan-an ni ìfẹ́ òun àti títì ṣẹ̀ṣẹ̀ wá wọra. Kò sí kòtò kan ní àgbègbè Saint-Aurin tí kò mọ ọjọ́ tí wọ́n dí i. Bí o bá bá a gun kẹ̀kẹ́, á máa nawọ́ sílẹ̀ bí ẹni tó ń fi ọmọ-ọmọ han àlejò: "Èyí, tèmi ni. Ọdún tí yìnyín fọ́ gíláàsì ṣọ́ọ̀ṣì ni mo dí i." Ìyàwó rẹ̀, kó tó dolóògbé, a máa sọ pé ká ní ọ̀dà títì ni òun, òun ì bá rí ìtọ́jú gbà. Anselme á dáhùn pé ọ̀dà kì í ráhùn.

Nítorí ìfẹ́ yìí ni ẹgbẹ́ oníkẹ̀kẹ́ ìlú ṣe ní kó máa yan ọ̀nà fún Àyípo wọn, tó máa ń wáyé lọ́jọ́ Àìkú àkọ́kọ́ nínú oṣù Kẹfà. Ọgọ́rin ènìyàn ló ń wá lọ́dọọdún, àwọn mìíràn láti ọ̀nà jíjìn, láti wá fi ẹsẹ̀ ara wọn wa ọgọ́ta kìlómítà láàárín màlúù. Ẹ má rò pé òkè ni wọ́n wá wò, tàbí odò. Ibi tí wọn kò ti ní gbọ́ ìró mọ́tò ni wọ́n ń wá, Anselme sì ń fún wọn. Ọdún mẹ́tàdínlógún gbáko, ẹnikẹ́ni kò pàdé ọkọ̀ kan lórí ọ̀nà tó yàn. Ó ní ìwé kékeré kan tó ń kọ ọ́ sí: iye oníkẹ̀kẹ́, bí ojú ọjọ́ ṣe rí, àti ní ìparí, "Ọkọ̀: òdo." Àwọn àgbà mìíràn ní ìlú yìí ní àmì ẹ̀yẹ ogun nínú àpótí. Anselme ní òdo mẹ́tàdínlógún.

Ọkọ̀ kan wà tí kì í kà, ìyẹn èyí tí òun fúnra rẹ̀ ń wà tẹ̀ lé ẹni tó kẹ́yìn, tó fi ń ṣa àwọn tí táyà wọn jò àti àwọn tí ẹsẹ̀ wọn kọ̀. Ìgbálẹ̀ ni wọ́n ń pè é. Ẹ̀yìn ni ìgbálẹ̀ máa ń wà, kò sẹ́ni tó ń pàdé rẹ̀, nítorí náà kì í ṣe ọkọ̀. Anselme ló ṣe òfin yẹn.

Nínú oṣù Kẹrin ọdún kejìdínlógún, ó jókòó sí tábìlì ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ní ilé kọfí Fernande Vialle, ní abúlé Les Bordes, gẹ́gẹ́ bó ti ń ṣe ní aago mẹ́wàá àárọ̀ láti ọdún mọ́kànlá tí ìyàwó rẹ̀ ti kú. Fernande gbé kọfí rẹ̀ kalẹ̀, kò sì lọ.

"Anselme, ọgọ́rin ènìyàn á tún gba ẹ̀yìn òkè yẹn kọjá lọ́dún yìí, òùngbẹ á máa gbẹ wọ́n, ìwọ á sì tún lọ fún wọn ní omi ẹ̀rọ itẹ́ òkú."

"Omi náà tutù."

"Omi itẹ́ òkú!"

"Ẹnìkan ò tíì ráhùn."

"Àwọn tó ń gbébẹ̀ náà ò ráhùn."

Anselme mu kọfí. Ó ṣàlàyé, fún ìgbà kẹsàn-án, pé mọ́tò ń gba iwájú ilé rẹ̀. Ó ti jókòó sẹ́yìn ọgbà igi fún ọjọ́ Àìkú mẹ́ta, ó kà wọ́n: táńkà wàrà, ọkọ̀ oníbúrẹ́dì, àti ọkọ̀ àwọn tẹ̀gbọ́n tàbúrò kan tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

"Mẹ́ta!" ni Fernande wí. "Ẹ gbà wá o, Paris ti dé."

Lẹ́yìn náà ó jókòó, ohun tí kì í ṣe. Ó ní ọmọ òun obìnrin ní yàrá kan tó ṣófo ní ìlú ńlá Limoges. Ọfà tí Anselme ń fi ọ̀dà kùn sójú títì kì í parẹ́, gbogbo ìgbà ooru làwọn oníkẹ̀kẹ́ fi ń tẹ̀ lé e, kò sì sí ọ̀kan tó kọjú sí ilé òun. Bí Àyípo ò bá gba Les Bordes lọ́dún yìí, oṣù Kẹsàn-án ni òun á tilẹ̀kùn, òun á lọ bá ọmọ òun.

"Limoges?" ni Anselme wí. "Mọ́tò pọ̀ níbẹ̀."

"Ènìyàn ló wà nínú wọn," ni Fernande dá a lóhùn, ó sì gbé ife rẹ̀ lọ kó tó mu ún tán.

Anselme gun kẹ̀kẹ́ lọ sílé, kò sì nawọ́ sí kòtò kankan. Ó bi ara rẹ̀ pé níbo lòun á máa wà ní aago mẹ́wàá láti oṣù Kẹsàn-án lọ. Ó tún bi ara rẹ̀ nípa òdo kejìdínlógún. Ìyẹn náà ń dùn ún.

Ó lọ bá Lucienne Peyrot, ààrẹ ẹgbẹ́, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, tó kọ́ ìdajì ìlú níwèé tó sì ṣì ń bá ìdajì náà wí.

"Gba Les Bordes, kí o kọ mẹ́ta síwèé," ni ìyẹn sọ.

"Mi ò lè kọ mẹ́ta."

"O mọ̀ ọ́n kọ. Mo ti rí ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ."

Anselme bá bẹ̀rẹ̀ àbẹ̀wò. Ó kọ́kọ́ lọ bá Gilou, awakọ̀ táńkà wàrà.

"Bàbá, màlúù ò mọ̀ pé ẹ ń ṣe Àyípo," ni Gilou wí.

"Ta ló ní o má kó wàrà? Mo ní kí o jókòó sí ilé Fernande láti aago mẹ́sàn-án sí ọ̀sán. Páì ọ̀dùnkún wà."

"Èyí tó máa ń da ọ̀rá wàrà sí láàárín?"

"Òun náà ni."

"Ẹ ò bá ti bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀ yẹn, bàbá."

Obìnrin oníbúrẹ́dì gbà láti dúró síbẹ̀ kó máa tajà. Àwọn tẹ̀gbọ́n tàbúrò ní Ọlọ́run ṣáájú kẹ̀kẹ́. Anselme ní bẹ́ẹ̀ ni, nítorí náà kí wọ́n tètè lọ bá A, aago mẹ́jọ dáa. Lẹ́yìn náà ló kúnlẹ̀ ní oríta tí àgbélébùú òkúta wà, ó kun ọfà funfun tuntun sí apá ọ̀tún, ọ̀nà Les Bordes.

Ọjọ́ náà pé. Oòrùn ràn, kò jóni. Títì ṣófo débi pé ológbò kan sùn sáàárín rẹ̀, àwọn oníkẹ̀kẹ́ sì ń pín sọ́tùn-ún sósì fún un. Nígbà tí Anselme wa ìgbálẹ̀ rẹ̀ dé Les Bordes, táńkà wà lẹ́yìn ilé, Gilou wà lẹ́yìn páì kejì, kẹ̀kẹ́ fara ti ògiri dé ọ̀dọ̀ aládùúgbò, Fernande sì ń pariwo mọ́ gbogbo ènìyàn tayọ̀tayọ̀. Anselme jókòó sí tábìlì rẹ̀. Ó yọ ìwé rẹ̀ jáde.

"Ènìyàn mọ́kànlá ò tíì dé," ni Lucienne tó dúró tì í sọ.

"Èmi ni mo kẹ́yìn. Kò sẹ́nì kan lẹ́yìn mi."

"Mo ti kà wọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Anselme, ọfà ti ọdún tó kọjá ńkọ́, èyí tó yà sósì? O pa á rẹ́?"

Kò pa á rẹ́. Ọfà òṣìṣẹ́ títì ni, ọ̀dà tòótọ́ ló fi kùn ún, ó sì ń tàn bí èyí tó kùn lánàá. Àwọn mọ́kànlá ti yà sósì, wọ́n ti forí lé itẹ́ òkú.

Anselme kò dúró rò ó. Ó wọ ọkọ̀, ó gba ọ̀nà tóóró tó lọ sí itẹ́ òkú láti òdìkejì, kó lè pàdé wọn kí wọ́n tó jìnnà. Ó sì pàdé wọn, níbi tí igi ti há ọ̀nà mọ́ lápá méjèèjì.

"Ọkọ̀! Ọkọ̀ ń bọ̀ o!"

Àwọn mọ́kànlá ya wọ inú ẹ̀gún. Ará Bẹ́ljíọ̀mù kan tó ti ń wá láti ọdún mẹ́jọ jáde pẹ̀lú ewé nínú akoto rẹ̀. "Ọdún mẹ́jọ! Mi ò rí ọkọ̀ kan rí níbí! Wèrè wo ló ń wa…" Ó wo ojú awakọ̀. "Bàbá Anselme?"

"Kọfí wà," ni Anselme wí.

Nígbà tí gbogbo wọn jókòó tán, Lucienne béèrè, láìrẹ́rìn-ín, ìdí tí kò fi gun kẹ̀kẹ́ lọ, nígbà tó jẹ́ pé mẹ́rin ló wà lẹ́yìn ọkọ̀ rẹ̀. Anselme ní òun yára ni. Ó ṣí ìwé.

"Kọ òdo," ni Gilou gbà á nímọ̀ràn. "Ìgbálẹ̀ kì í ṣe ọkọ̀."

"Wọ́n pàdé rẹ̀," ni Anselme wí. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ tó dáa: "Oníkẹ̀kẹ́: mẹ́rìnlélọ́gọ́rin. Oòrùn. Ọkọ̀: ọ̀kan. Tèmi ni." Ó dùn ún fún bí ìṣẹ́jú mẹ́rin. Páì dé.

Kí Anselme tó lọ sílé, Fernande nu ọwọ́, ó sọ fún un pé òun ti bá ọmọ òun sọ̀rọ̀ lórí fóònù.

"Mo ní kó máa sá aṣọ sínú yàrá yẹn."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Anselme kúnlẹ̀ ní oríta, ó ń fi ọ̀dà dúdú bo ọfà àtijọ́. Àwọn oníkẹ̀kẹ́ mẹ́ta tí kò mọ̀ rí dé, wọ́n béèrè ibi tí wọ́n ti lè mu kọfí. Ó fi búrọ́ọ̀ṣì júwe. Wọ́n dúpẹ́, wọ́n sì gba orí ọ̀dà tútù náà kọjá. Anselme wò wọ́n títí wọ́n fi sọ̀ kalẹ̀ tán, kò pè wọ́n padà.

Ní aago mẹ́wàá, ó bá Fernande ní ìdúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo ìlà táyà dúdú mẹ́ta lórí òkúta funfun rẹ̀.

"Ta ló ṣe èyí?"

"Oníbàárà," ni Anselme wí, ó sì kọjá lọ sídìí tábìlì rẹ̀.

Fernande ti fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta láti ìgbà náà. Ọ̀dà tó dáa ni.