Oúnjẹ Ajá tí Mo Sè fún Bàámi

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni ọmọ mi obìnrin tó ń gbé Adó ra àpò oúnjẹ ajá kan wálé. Àpò náà ń dán, wọ́n sì ya ajá kan sí i lára tó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni jẹ tẹ́tẹ́. Ó ní láti òkè òkun ni. Kó tó rà á, ó ti fọ̀rọ̀ lọ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń sin ajá, tí wọ́n kóra jọ sórí fóònù, èmi náà sì jókòó níbẹ̀, mò ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ohùn ránṣẹ́ síra wọn. Ọ̀kan ní láti ìgbà tí òun ti ń fún tòun ní irú rẹ̀ ni irun rẹ̀ ti ń dán. Òmíràn ní kí wọ́n má dá a láṣà, ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni ajá òun fi yàgbẹ́ gbuuru. Ọkùnrin kan tí ohùn rẹ̀ jọ ti adájọ́ ní ajá tòun kì í fẹnu kan adìyẹ, àfi ẹja òkun. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.

Ṣùgbọ́n bí ọmọ mi ti fi ọ̀bẹ ya ẹnu àpò náà, òórùn rẹ̀ jáde, ẹ̀rín sì kú mọ́ mi lẹ́nu. Òórùn ẹran tí wọ́n sè láìfi ata sí i ni, tó ní iyọ̀ díẹ̀. Mo mọ òórùn náà. Mo ti da irú oúnjẹ yẹn sínú ìkòkò rí ní Ìkéré, nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án, bàámi ni mo sì gbé e fún.

Oko kòkó ni wọ́n bí mi sí, ní abúlé kan lápá Emùré. Lásìkò tí mò ń wí yìí, àwọn òyìnbó ṣì wà lórí àlééfà, ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí kò sì tíì sí níbì kankan. Ilé ìwé jìnnà sí abúlé wa. Nígbà tí Àǹtí Rúùtù, ọmọ ẹ̀gbọ́n yèyé mi, wá kí wa lọ́dún kan, tó ní kí wọ́n fún òun ní ọmọ kan kó wá máa gbé lọ́dọ̀ òun, kó sì máa lọ sílé ìwé, èmi ni wọ́n fà lé e lọ́wọ́. Gbogbo abúlé ló bá mi yọ̀. Yèyé mi di ẹrù mi sínú aṣọ, ó ní kí n má dójú ti òun. Mo ní n kò ní í dójú tì í.

Ọkọ Àǹtí Rúùtù ń bá ìjọba yẹ kòkó wò. Ọ̀gá Kòkó ni gbogbo Ìkéré ń pè é. Ọ̀bẹ kékeré kan wà nínú àpò ṣòkòtò rẹ̀ tó fi ń la èso kòkó sí méjì nínú ìsọ̀ àwọn oníṣòwò, tó bá sì ti la èso kan tó rí i pé inú rẹ̀ ti bu, inú olúwarẹ̀ bàjẹ́ nìyẹn. Kì í ṣe ènìyàn burúkú. Àǹtí náà kì í ṣe ènìyàn burúkú, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ bẹ́ẹ̀, nítorí àwọn ọmọ rẹ̀ ṣì wà láyé, wọ́n sì lè ka èyí. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ọgbà gíga yí ilé náà ká, géètì onípákó ló wà lẹ́nu rẹ̀, kọ́bọ́ọ̀dù oúnjẹ ní àgádágodo, kọ́kọ́rọ́ àgádágodo náà sì wà lọ́rùn Àǹtí tọ̀sán-tòru. Tí mo bá ti ilé ìwé dé, a ó ti géètì, ó di àárọ̀ ọjọ́ kejì. Láti ẹ̀yìn ilé ìdáná, mo lè rí àpáta Olósùnta lókè réré, mo sì máa ń rò ó pé ẹni tó bá gun orí rẹ̀ á rí oko wa. N kò gùn ún rí.

Àǹtí gbà pé ọmọ tó bá jẹun yó kì í gbọ́ ìwé. Ó máa ń sọ ọ́ tìfẹ́tìfẹ́, nígbà tó bá ń fi ife kékeré wọn gààrí fún mi. Ife kan lọ́sàn-án, ife kan lálẹ́, ọbẹ̀ olómi lórí rẹ̀. Ẹran wà fún ọjọ́ Ìsinmi, ìyẹn bí Ọ̀gá Kòkó bá ṣẹ́ díẹ̀ kù sínú àwo rẹ̀.

Ẹni tó ń jẹ ẹran lójoojúmọ́ nínú ilé náà ni Jáàkì. Ajá ńlá aláwọ̀ pupa ni, etí rẹ̀ gùn débi pé ó máa ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Òyìnbó tó jẹ́ ọ̀gá fún Ọ̀gá Kòkó ló fi ṣe ẹ̀bùn fún un nígbà tó ń padà sí ìlú rẹ̀, ó sì fi àpótí ńláńlá méjì tó kún fún agolo oúnjẹ ajá tì í. Ó kìlọ̀ fún Ọ̀gá Kòkó pé ajá náà kò mọ oúnjẹ mìíràn, pé ó lè kú bí wọ́n bá fún un ní ẹ̀bà. Ọ̀gá Kòkó bẹ̀rù kí ẹ̀bùn òyìnbó má lọ kú mọ́ òun lọ́wọ́. Ó kó agolo wọ̀nyẹn sí yàrá àlejò, ó sì fà mí lé ajá lọ́wọ́. Èmi ni mò ń ṣí agolo kan láàárọ̀, kan nírọ̀lẹ́, èmi ni mò ń gbá ìgbẹ́ rẹ̀, èmi ni mò ń fi kànìnkànìn wẹ̀ ẹ́ ní Sátidé. Wọ́n fi ṣéènì so ó mọ́ ìdí igi ọsàn, èmi náà kò sì gbọdọ̀ kúrò níbi tí n ó ti máa gbọ́ ohùn rẹ̀. N kò mọ ẹni tí wọ́n so nínú àwa méjèèjì.

Orí ajá ni wọ́n yà sára agolo náà, èyí sì fa ọ̀rọ̀ láàrin àdúgbò. Bàbá alágbẹ̀dẹ tí ọgbà rẹ̀ bá tiwa pààlà dúró lẹ́nu géètì lọ́jọ́ kan, ó ń wo èyí tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jù nù.

"Ẹja ni wọ́n yà sára agolo sadíìnì, ẹja la bá nínú rẹ̀," ló wí. "Ajá ni wọ́n yà sí èyí. Ọmọ mi, bá mi tọrọ ẹyọ kan lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ. Ajá tí wọ́n ti sè dé láti ùlú òyìnbó! Ṣé wọ́n wá ń fi ajá bọ́ ajá ni?"

Ọ̀gá Kòkó rẹ́rìn-ín nígbà tí mo jíṣẹ́. Ó ka ara agolo náà sí mi létí, ó ní ẹran màlúù àti ẹ̀dọ̀ ló wà nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Láti ọjọ́ náà, mo máa ń lá ṣíbí kí n tó fọ̀ ọ́. Ojú ń tì mí láti kọ ọ́ síwèé, ṣùgbọ́n ebi kò mọ ìtìjú, ẹran náà sì dùn.

Mo fẹ́ lọ sílé. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ láyé nígbà náà kò ju ìyẹn lọ. Mo ti pinnu pé ọjọ́ tí bàámi bá wá kí mi, n ó kúnlẹ̀, n ó ní kí wọ́n mú mi lọ, bí n kò tiẹ̀ ní í mọ̀wé títí ayé. Mo ti há ọ̀rọ̀ náà sórí bí a ṣe ń há orin ilé ìwé.

Wọ́n sì wá. Ọyẹ́ mú lọ́jọ́ náà, ètè gbogbo ènìyàn là. Àǹtí ti bá ẹgbẹ́ àwọn ìyá ìjọ lọ sí Adó, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́rùn rẹ̀, Ọ̀gá Kòkó wà nídìí kòkó. Mo gbọ́ aago kẹ̀kẹ́ lẹ́nu géètì, mo yọjú, bàámi ni. Eruku ọ̀nà ti kùn wọ́n dé ìpéǹpéjú. Wọ́n di iṣu mẹ́ta sẹ́yìn kẹ̀kẹ́, ti Àǹtí ni, n kò sì jẹ́ fọwọ́ kàn án láìjẹ́ pé ó fọwọ́ sí i.  Mo gbé omi fún wọn. Wọ́n mu ún tán, wọ́n ń wò mí láti òkè délẹ̀. Mo dá ẹ̀bẹ̀ tí mo há sórí dúró. Láàrin wa níhìn-ín, a kì í bi àlejò ní ohun tó bá wá nígbà tí ebi ṣì wà nínú rẹ̀, àlejò náà kì í sì í já ọ̀rọ̀ sílẹ̀ kó tó jẹun. Mo tún rò ó lọ́kàn mi pé ẹni tó bá yó ló ń gbọ́ ẹ̀bẹ̀.

Mo wọ ilé ìdáná. Ife gààrí mi kan, ìyẹn tọ̀sán, ata, epo àti ilá gbígbẹ, kò sí nǹkan mìíràn. Ẹ̀bà àti ilá lásán fún bàbá tó gun kẹ̀kẹ́ láti Emùré! Yèyé mi ní kí n má dójú ti òun. Ọwọ́ mi ló kọ́kọ́ mọ ohun tí mo fẹ́ ṣe. Mo mú agolo tí Jáàkì yóò jẹ nírọ̀lẹ́, mo ya bébà orí ajá kúrò lára rẹ̀, mo fi í sínú iná. Mo da ẹran náà sínú epo, mo lọ ata sí i dáadáa, mo fi àlùbọ́sà kékeré kan tí mo rí lẹ́yìn àdògán sí i. Bí ó ti ń hó, òórùn rẹ̀ dára débi pé Jáàkì bẹ̀rẹ̀ sí í fa ṣéènì rẹ̀.

Bàámi jẹun. Mo jókòó sílẹ̀ níwájú wọn, mo ń wo ẹnu wọn. Wọ́n jẹ ìdajì ẹran náà, wọ́n dáwọ́ dúró, wọ́n ní kí n já ewé wá. Wọ́n fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ di èyí tó kù.

"Yèyé rẹ ni mo fẹ́ fi hàn," ni wọ́n wí. "Kò sùn láti ọjọ́ tí ìyàwó Bùsúyì aládùúgbò wa ti ọjà Ìkéré dé, tó ní òun rí ọ lọ́nà ulé ìwé, pé o ti gbẹ. Ó ní kí n lọ mú ọ wá sí ulé. Aṣọ tí n ó fi di ẹrù rẹ rèé." Wọ́n fa aṣọ náà yọ lábẹ́ agbádá. Aṣọ tí yèyé mi fi dì í nígbà tí mò ń bọ̀ ni.

Mo ti fẹ́ dìde lọ kó ẹrù mi.

"Ṣùgbọ́n ojú mi ti rí," ni bàámi wí, inú wọn sì dùn dé ìsàlẹ̀. "Ulé tí ọmọdé ti lè ṣí ìkòkò bu irú ẹran yìí fún àlejò, tí ìyá ulé kò tiẹ̀ sí ní ulé! Bí ebi bá kúrò nínú ùṣẹ́, ùṣẹ́ bùṣe. Kí ni n ó fún ọ jẹ lóko? Ọmọ tó bá ń dàgbà máa ń gbẹ. Dúró, kí o kàwé rẹ."

Mo la ẹnu. Mo ní, "Bàámi, ẹran yẹn..."

"Ẹran yẹn dùn, ọmọ mi. Ọlọ́run á bùkún Rúùtù."

Kí ni kí n wí? Kí n sọ fún bàbá mi pé oúnjẹ ajá ni wọ́n jẹ? Èébú tí a kì í bú ọ̀tá ẹni ni, èmi ni n ó wá fi ẹnu ara mi sọ ọ́ fún wọn, pẹ̀lú ewé tí wọ́n dì lọ́wọ́ fún ìyàwó wọn. Mo pa ẹnu mi dé. Wọ́n ká aṣọ náà sábẹ́ agbádá, wọ́n fọwọ́ pa mí lórí, wọ́n gun kẹ̀kẹ́ wọn. Mo sìn wọ́n dé géètì, n kò gbọdọ̀ kọjá ibẹ̀. Mo dúró títí eruku fi tán lójú ọ̀nà, mo padà wọlé, mo ti géètì fúnra mi.

Nírọ̀lẹ́, mo fún Jáàkì ní ife gààrí tèmi, nítorí àwọn agolo inú àpótí lóǹkà, wọn á mọ̀ bí mo bá mú òmíràn. Ó gbóòórùn ẹ̀bà náà, ó wò mí, ó jẹ ẹ́. Kò kú. Nígbà tí agolo tán lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ẹ̀bà ni gbogbo wa jọ ń jẹ.

Ọdún márùn-ún ni mo tún lò nílé náà. Bàámi wá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, Àǹtí sì máa ń wà nílé láti gbé oúnjẹ fún wọn. Yèyé mi kò tún dààmú mọ́, ó ti fi ẹnu ara rẹ̀ tọ́ ẹ̀rí wò. Mo mọ̀wé, mo di tíṣà, mo kọ́ ọmọ ọlọ́mọ títí mo fi fẹ̀yìn tì. Àwọn tí mo sọ ìtàn yìí fún máa ń ní kí n dúpẹ́ lọ́wọ́ agolo yẹn, pé òun ló sọ mí di ènìyàn. Ó rọrùn fún wọn láti wí, wọ́n jẹun yó kí wọ́n tó sọ ọ́. Mo dúpẹ́ fún ìwé. N kò dúpẹ́ fún ọdún márùn-ún yẹn, ẹnikẹ́ni kò sì lè fi tipá gbà á lẹ́nu mi.

Ayé ti yí padà. Ajá ti ní oúnjẹ ọmọdé, ó ní ti àgbà, ó ní ti èyí tó bá sanra jù. Lọ́dún tó kọjá, ọmọ ọmọ mi kan pe bàbá rẹ̀ láti ilé ìwé tí àwọn ọmọ ń gbé, ó ní ibẹ̀ kò tẹ́ òun lọ́rùn, ilẹ̀ kò sì ṣú tí bàbá rẹ̀ fi dé ibẹ̀. Àwọn ènìyàn ní àkẹ́jù ni. Èmi kò bá wọn dá sí i. Ohun tí n kò rí kó yí padà ni ojú tí ọmọ fi ń wo òbí rẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀, tó ń wò ó bóyá ọ̀rọ̀ náà yóò dùn ún.

Bàámi dàgbà, wọ́n di arúgbó lọ́wọ́ mi. Mo ra ẹran tútù fún wọn, mo ra ìgalà, mo ra adìyẹ ìbílẹ̀. Wọ́n á jẹ, wọ́n á súre, wọ́n á wá ní ó dùn, ṣùgbọ́n kò tó èyí tí mo sè fún wọn ní Ìkéré. Nígbà tó kù díẹ̀ kí wọ́n kú, wọ́n bi mí bóyá ohun kan wà tí mo ń fẹ́ lọ́wọ́ wọn kí wọ́n tó lọ. Mo ní kò sí. Irọ́ ni. Ọ̀rọ̀ náà ṣì wà lórí ahọ́n mi bí mo ṣe há a sórí ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án: Bàámi, ẹ mú mi lọ sí ulé.