Ojú Ewé Kọkànlélógójì

Lọ́dún tí Soviet Union tú ká, ní ọ̀sán ọjọ́ Sunday kan, òyìnbó tí ọmọ wa obìnrin fẹ́ fi ṣe ọkọ dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí kápẹ́ẹ̀tì pálọ̀ wa ní Blackley, ní Manchester.

"Ẹ káàsán, sà."

Ọkọ mi ò ní kó dìde. Ọ̀rọ̀ òpìtàn rẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀.

Kí ọkọ mi tó wá sí Manchester, Leningrad ní Soviet Union ló ti kàwé. Òpìtàn kan wà níbẹ̀ tí ìjọba wọn ò fẹ́ràn, tí àwọn òpìtàn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní bí èèyàn ni ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan rí: agbára kan á ti ojú ọ̀run wọ inú rẹ̀, á dàgbà, á darúgbó, á kú. Ọkọ mi gbà á gbọ́ pátápátá. Ó ń fi ọwọ́ kọ ẹ̀kọ́ ọkùnrin náà sílẹ̀ ní English. Èmi tí mo kọ́ táípù lẹ́yìn sẹ́kọ́ndìrì ni mo ń bá a tẹ̀ ẹ́, tí mo bá ti dé láti ibi iṣẹ́ ní Crumpsall.

"Ó ní àwọn ẹ̀yà kan wà tí ara wọn ò gba ara wọn," ọkọ mi sọ ọ́ ní Yorùbá, ó tún sọ ọ́ ní English fún ẹni tó wà nílẹ̀. "Tí wọ́n bá dà pọ̀, ohun tí wọ́n máa bí ò ní ní gbòǹgbò."

"Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní kó dìde. Stretford nítòsí níbí ló ti ń bọ̀, kì í ṣe Siberia," ọmọ mi wí.

"Ta ló ń bá ẹ sọ̀rọ̀?"

Ọmọkùnrin náà ní kò séwu, kápẹ́ẹ̀tì náà rọ̀ dáadáa. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ọrùn rẹ̀ ti pọ́n.

Ọmọ mi ti sọ fún mi ní kíṣìnì pé bí Dádì bá lé e, òun á bá a lọ, òun ò sì ní padà wá mọ́.

Mi ò ta ko ọkọ mi lójú àlejò rí.

Mo ní, "Dádì, ẹ má bínú. Ojú ewé kọkànlélógójì."

"Kí ló wà níbẹ̀?"

"Ibẹ̀ lẹ kọ ọ́ sí pé kò sí ẹ̀yà tuntun kan tó ti ara ẹ̀yà kan ṣoṣo jáde. Àwọn tó yàtọ̀ síra ló máa ń pàdé kí wọ́n tó bí i."

"Ìwọ lo tẹ̀ ẹ́ sódì."

Mo gòkè lọ. Mi ò kì í da ìwé tí wọ́n fọwọ́ kọ nù títí iṣẹ́ á fi parí; bí wọ́n ṣe kọ́ wa nìyẹn. Mo gbé ewé náà wá, báírò búlúù ló fi kọ ọ́, mo fi ìka sí ibi tó wà. Ó wọ awò ojú rẹ̀. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì.

"Ọwọ́ mi ni," ló wí. Ó ká a, ó tì í bọ àpò. Ó wá wo ẹni tó wà nílẹ̀.

"Ta ló kọ́ ọ ní ìdọ̀bálẹ̀?"

"Èmi ni, Dádì," ọmọ mi dáhùn.

"Ẹsẹ̀ ẹ̀ ò pa pọ̀."

Ó sọ ọ́ fún un ní English. Ọmọkùnrin náà pa ẹsẹ̀ pọ̀. Ọkọ mi wò ó díẹ̀ sí i, ó wá ní kó dìde.

Mo lọ sí kíṣìnì. Ìsàlẹ̀ ìrẹsì ti jóná. Mo bu abọ́ mẹ́rin.